Yanrìn Dúdú Etí Òkun àti Bíríkì Ìléru: Ṣé Kíkó Lásán Ti Tó?

ÌBÉÈRÈ

Ilé iṣẹ́ kékeré kan ni mo ní ní Ìkòròdú, idẹ àti alumíníọ́mù ni a ń yọ́ níbẹ̀. Bíríkì inú ìléru mi kì í lò ju oṣù mẹ́rin lọ kí ó tó máa là, èyí tí wọ́n ń kó wọlé láti òkè òkun sì ti wọ́n kọjá agbára mi. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ti Íńdíà dé sọ fún mi pé yanrìn etí òkun ni wọ́n ń kó níbẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣe bíríkì tí iná kì í yọ́. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá mo lọ sí etí òkun ní Lẹ́kkì, mo rí ìlà yanrìn dúdú kan tó ń dán, mo sì bu garawa méjì wálé. Kí ló dé tí a fi ń ra bíríkì lọ́wọ́ òyìnbó nígbà tí ohun tí wọ́n fi ń ṣe é wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ wa? Ṣé mo lè po yanrìn yìí mọ́ amọ̀, kí n sun ún, kí n sì fi tẹ́ inú ìléru mi? Ẹ̀yin ọ̀gá tó mọ̀ nípa iṣẹ́ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

* * *

ÈSÌ KÌÍNÍ

Ẹ má pò ó mọ́ amọ̀. Mo fi ìyẹn ṣáájú àlàyé kí ìléru má bàa bàjẹ́ kí ẹ tó kàwé dé ìsàlẹ̀.

Ohun tó mú yanrìn yẹn dúdú ni èyí tí wọ́n ń pè ní ilmenite. Irin àti titanium ló wà nínú rẹ̀, irin yẹn gan-an sì ni ọ̀tá bíríkì ìléru. Bí irin bá ti wọ inú amọ̀, níbi tí amọ̀ funfun ìbá ti dúró gbọin nínú iná, èyí tí irin wà nínú rẹ̀ yóò ti máa rọ̀ bí ọṣẹ tó pẹ́ nínú omi. Àwọn ohun tí àwọn ará Íńdíà ń wá fún iṣẹ́ iná nínú yanrìn wọn kò dúdú rárá. Sillimanite funfun, ó dà bí gíláàsì tí wọ́n lọ̀. Zircon náà mọ́ bí ṣúgà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bù ú sọ́wọ́, ìwúwo rẹ̀ yóò yà yín lẹ́nu. Àárín dúdú yẹn ni àwọn méjèèjì máa ń fara pamọ́ sí, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi rò pé dúdú ni ọjà.

Ẹ ṣe ìdánwò kan fún wa. Ẹ sá yanrìn yín títí yóò fi gbẹ, ẹ tẹ́ díẹ̀ sórí pépà, ẹ fi ọ̀rá wé irin òòfà, kí ẹ sì máa gbé e kọjá lókè yanrìn náà láì jẹ́ kó kàn án. Òòfà inú gbohùngbohùn kò lágbára tó fún ilmenite. Èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà tó ti kọṣẹ́, nínú àpótí kékeré tó ń tọ́jú fáìlì, ni kí ẹ wá. Èyí tó bá fò mọ́ òòfà, ẹ kó o sọ́tọ̀, kí ẹ wá sọ bí ìyókù ṣe rí.

Iṣẹ́ bíríkì títẹ́ sínú ìléru ni mò ń ṣe, ó ti lé ní ọdún 19 báyìí tí mo ti wà nídìí rẹ̀ ní àwọn ilé iṣẹ́ ìyọ́rin ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, mo sì lo oṣù méje ní agbègbè Kollam ní Íńdíà fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́.

* * *

ÈSÌ KEJÌ

Èmi tí mo kọ èsì kìíní náà ni mo ń kọ èyí àti àwọn tó kù. Ọ̀rẹ́ yín kò purọ́, ṣùgbọ́n ó gé ìtàn náà kúrú jù.

Ibi tó ń sọ yẹn ṣeé ṣe kó jẹ́ Chavara, ní agbègbè Kollam, ní ìpínlẹ̀ Kerala ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn Íńdíà. Àwọn odò tó ń ṣàn wá láti orí àwọn òkè Western Ghats ló ń ru ẹ̀rún òkúta àtijọ́ wọ inú òkun. Ìgbì òkun á wá máa tò ó ní ọdọọdún ní àsìkò òjò ńlá wọn: á gbé èyí tó fúyẹ́ lọ, á sì fi èyí tó wúwo sílẹ̀ létí omi. Ohun tó kù sílẹ̀ níbẹ̀ ni àdàlú oríṣiríṣi hóró àlùmọ́ọ́nì: ilmenite, rutile, zircon, sillimanite, monazite àti garnet díẹ̀. Ilé iṣẹ́ méjì ló ń ṣe iṣẹ́ náà níbẹ̀, tìjọba sì ni àwọn méjèèjì: IREL, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1950 tí ó sì tún ní ibùdó ní Manavalakurichi ní Tamil Nadu àti nítòsí Chatrapur ní Odisha, àti KMML, tí ó jẹ́ ti ìjọba ìpínlẹ̀ Kerala.

Bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan wà nínú yanrìn náà dùn mọ́ mi láti sọ. Ní ọdún 1909, ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Schomberg rí àwọn hóró tó wúwo nínú okùn èèpo àgbọn tí wọ́n kó wá láti Travancore, bí wọ́n ṣe ń pe apá ibẹ̀ nígbà náà. Etí omi ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ lórí èèpo àgbọn náà, yanrìn sì ti há sínú rẹ̀. Nígbà tí ó yẹ̀ ẹ́ wò, monazite ni. Kò sí ẹni tó ń wá bíríkì nígbà náà. Ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n ń wá, n óò sì padà sórí ìyẹn.

Ẹ kíyè sí i pé láti ìgbà tí wọ́n ti mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, kò sí ẹni tó ń bu yanrìn Chavara sínú ìléru. Ìyàsọ́tọ̀ ni iṣẹ́. Ẹni tó bá ní yanrìn tí kò ní ọ̀nà láti ya hóró kan kúrò lára èkejì, yanrìn ìkọ́lé ló ní.

* * *

ÈSÌ KẸTA

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó dáhùn lẹ́yìn mi ló ń sọ pé òòfà ńlá kan àti ajọ̀ ti tó, pé èmi ni mò ń sọ iṣẹ́ kékeré di ńlá. Ẹnìkan tilẹ̀ sọ pé àwọn alágbẹ̀dẹ wa àtijọ́ kò lo ẹ̀rọ kankan kí wọ́n tó yọ irin. Òótọ́ ni èyí tó kẹ́yìn yẹn, ṣùgbọ́n irin ni wọ́n ń wá, a ṣì rí ìdàrọ́ tí wọ́n dà nù títí di òní. Ẹni tó ń wá irin lè fara da ìdọ̀tí, iná ni yóò bá a yà á. Ẹni tó ń wá ohun tí yóò kojú iná kò lè sọ pé kí iná bá òun yà á.

Ajọ̀ kò lè ṣe púpọ̀, nítorí òkun ti jọ hóró wọ̀nyí tán kí ẹ tó débẹ̀. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ìwúwo ni ìyàtọ̀ wọn àkọ́kọ́. Quartz, tí í ṣe yanrìn funfun lásán, wúwo ju omi lọ ní ìlọ́po 2.65; sillimanite jẹ́ nǹkan bí 3.2, zircon jẹ́ 4.6, monazite ju 5 lọ. Ẹ rántí bí àwọn ìyá wa ṣe ń yọ òkúta kúrò nínú ìrẹsì ọ̀fàdà: wọ́n á bomi sí igbá, wọ́n á máa mì í jẹ́jẹ́, ìrẹsì á máa bá omi ṣàn lọ sínú igbá kejì, òkúta á jókòó sísàlẹ̀. Iṣẹ́ tí ẹ̀rọ spiral ń ṣe nìyẹn. Ọ̀pá tí wọ́n lọ́ bí àtẹ̀gùn yíyí ni, omi àti yanrìn á máa ti òkè yí bọ̀, èyí tó wúwo á fà sí àárín, èyí tó fúyẹ́ á jù sí etí. Ibí yìí gan-an ni ìṣòro àkọ́kọ́ ti wá: sillimanite kò wúwo tó zircon, ó sì rọrùn kó bá quartz lọ bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ náà bá da omi tó pọ̀ jù sí i.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n á yan yanrìn náà títí yóò fi gbẹ táútáú, wọ́n á sì dà á sórí irin róbótó kan tó ń yí, tí iná mànàmáná tó tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún fólítì (volt) wà lókè rẹ̀. Hóró tí iná lè gbà kọjá, ìyẹn ilmenite àti rutile, kò ní lè di iná náà mú, yóò jù sílẹ̀ síwájú. Zircon, sillimanite, monazite, garnet àti quartz kì í jẹ́ kí iná kọjá, nítorí náà wọ́n á lẹ̀ mọ́ irin náà títí ìgbálẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fi gbá wọn sílẹ̀. Mo dúró ti ẹ̀rọ yìí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ti rọ̀ mọ́jú. Lójú mi báyìí ni zircon ń fò síwájú pẹ̀lú ilmenite bí ẹni pé òun náà ń gba iná. Ọ̀gá tó wà nídìí rẹ̀ kò fọwọ́ kan bọ́tìnnì kankan. Ó ki ọwọ́ bọ yanrìn, ó fi àtàǹpàkò àti ìka ra á, ó ní ó ti tutù, ó sì ní kí wọ́n dá a padà sí ibi ìyan. Ọ̀rinrin tí ojú kò rí lára hóró ló ń gbé iná kọjá.

Òòfà wá ni ó kàn. Èyí tó lágbára níwọ̀nba á fa ilmenite kúrò lára rutile. Èyí tó lágbára gidigidi á fa garnet àti monazite kúrò lára zircon àti sillimanite. Sillimanite, zircon àti quartz ni yóò ṣẹ́ kù, òòfà kankan kò sì lè ran yín lọ́wọ́ mọ́, nítorí kò sí èyí tó mọ òòfà nínú wọn.

Ọṣẹ ló ń parí iṣẹ́ náà, mi ò ṣe àwàdà. Ọ̀rá kan tó ń jẹ́ oleic acid, tí ó pọ̀ nínú epo pupa tí a fi ń se ọbẹ̀, ni wọ́n ń pò mọ́ omi tí yanrìn náà wà nínú rẹ̀. Ọ̀rá yìí á lẹ̀ mọ́ ara sillimanite, kò ní lẹ̀ mọ́ ara quartz, pàápàá bí wọ́n bá fi sodium silicate díẹ̀ sí i láti ká quartz lọ́wọ́ kò. Wọ́n á fẹ́ atẹ́gùn sí i nísàlẹ̀, omi á hó bí ìgbà tí a bá ń fọ aṣọ, hóró sillimanite á gun orí ìfófó wá sókè, quartz á sì wà nísàlẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, mo fi ọwọ́ bu ìfófó náà. Nígbà tí ó wó tán ní àtẹ́lẹwọ́ mi, lẹ́búlẹ́bú funfun tó ń kọ mànà ló kù síbẹ̀. Yanrìn wúwo ju omi lọ ní ìlọ́po mẹ́ta, síbẹ̀ ó léfòó.

* * *

ÈSÌ KẸRIN

Ẹni tó béèrè bóyá iyọ̀ òkun tó wà lára yanrìn lè ba bíríkì jẹ́: bẹ́ẹ̀ ni, omi tí kò ní iyọ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi fọ̀ ọ́. Sodium inú iyọ̀ á sọ ara amọ̀ di gíláàsì nínú iná, bíríkì á rọ̀ láti inú wá, ẹni tó ń wò ó láti ìta kò sì ní mọ̀.

* * *

ÈSÌ KARÙN-ÚN

Ẹnìkan kọ pé òun ti kà á pé bíríkì sillimanite ni ó dára jù lọ, nítorí náà kí wọ́n kàn fún wa ní sillimanite náà, kí a tẹ̀ ẹ́ mọ́ra, kí a sun ún. Ìdajì ọ̀rọ̀ yìí dára.

Ohun tó mú sillimanite níyì ni pé alumina (alumíníọ́mù tó so pọ̀ mọ́ ọ́síjìn) àti silica (ohun tó wà nínú yanrìn funfun) nìkan ló wà nínú rẹ̀, alumina sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 63 nínú ìdá 100. Bí iná bá tó nǹkan bí 1,500 dígírì Celsius, á bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà di ohun tí wọ́n ń pè ní mullite. Bí abẹ́rẹ́ ni mullite ṣe ń hù, abẹ́rẹ́ wọ̀nyí á sì kọ́ ara wọn lọ́rùn bí ìgbà tí a bá hun ẹní, kò sì ní yọ́ títí iná yóò fi kọjá 1,800 dígírì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan tó ń jẹ́ kyanite ní èròjà kan náà, ṣùgbọ́n kyanite máa ń wú gan-an bí ó bá ń yí padà, tó fi jẹ́ pé wọ́n ní láti kọ́kọ́ sun ún kí wọ́n tó lò ó. Sillimanite kì í wú tó bẹ́ẹ̀, a lè lò ó ní tútù.

Ìdajì tí kò dára ni ti ìwọ̀n hóró. Bíríkì tó bá máa dúró gbọ́dọ̀ ní hóró ńlá, hóró àárín àti ìyẹ̀fun, kí kékeré lè dí àlàfo ńlá. Sillimanite etí òkun kéré; ọ̀pọ̀ hóró rẹ̀ kò tó ìdajì mìlímítà. Bí ẹ bá fi òun nìkan mọ bíríkì, á súnkì, á sì là. Nígbà kan rí, Íńdíà ní sillimanite tó wà ní òkúta gbàǹgbà ní Sonapahar ní òkè Khasi, tí wọ́n ń rẹ́ bí pákó láti fi tẹ́ inú ìléru gíláàsì. Ti etí òkun kò lè ṣe irú ìyẹn. Wọ́n máa ń pò ó mọ́ amọ̀ tí a ti sun tí a sì fọ́, tàbí kí wọ́n fi ṣe èyí tí a ń dà bí kọnkéré sínú ìléru.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí ojú mi rí. Wọ́n pè mí sí ilé iṣẹ́ ìyọ́rin kan pé bíríkì tuntun ti ń wó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ pé alumina inú rẹ̀ jẹ́ 60 nínú ìdá 100. Mo gbá ọ̀kan fọ́. Inú rẹ̀ kún fún àmì dúdú kéékèèké bí ìgbà tí rorẹ́ bo ojú ọ̀dọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ti yọ́, ó ti dán bí àwo, ó ti jẹ amọ̀ tó yí i ká. Irin ni. Alumina tí wọ́n kọ lè jẹ́ òótọ́. Ẹni tó ta yanrìn fún ẹni tó mọ bíríkì náà ni kò ya ilmenite rẹ̀ tán. Ọkùnrin méjì fara gbóná níbẹ̀ nígbà tí irin yíyọ́ bẹ́ jáde, ọ̀kan nínú wọn kò tíì lè na apá ọ̀tún rẹ̀ tán títí di òní. Bí mo ṣe ń tẹnu mọ́ hóró kan péré nìyí, ẹ má bínú sí mi.

* * *

ÈSÌ KẸFÀ

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ ẹni tó béèrè, nítorí a ti fi í sílẹ̀ sí Ìkòròdú tí àwa wà ní Kerala.

Idẹ àti alumíníọ́mù ni ẹ ń yọ́. Alumíníọ́mù ń yọ́ ní 660 dígírì, idẹ ní nǹkan bí 900 sí 950. Iná yín kò dé ibi tí sillimanite ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Ẹ kò nílò rẹ̀. Bíríkì amọ̀ funfun tó dára, tí wọ́n sun dáadáa, yẹ kó pẹ́ lọ́wọ́ yín, Ìpínlẹ̀ Ògùn sì ní amọ̀ funfun yẹn, èyí tí wọ́n ń pè ní kaolin. Nítorí náà, kì í ṣe ooru ló ń pa bíríkì yín. Ohun mìíràn ni.

Mo fura sí mẹ́ta. Zinc inú idẹ máa ń hó ní 907 dígírì, á di èéfín, á wọ inú ihò ara bíríkì, á tutù síbẹ̀ lálẹ́, á sì máa ti bíríkì láti inú jáde lójoojúmọ́. Alumíníọ́mù yíyọ́ ní tirẹ̀ máa ń já ọ́síjìn gbà lára silica inú amọ̀, á hù bí èépá dúdú líle lára ògiri, bí ẹ bá sì fi ṣísẹ́lì họ ọ́, ẹ ó họ bíríkì mọ́ ọn. Ẹ̀kẹta ni omi: ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń tẹ́ bíríkì lónìí, wọ́n á dáná lọ́la.

Ibi tí yanrìn etí òkun ti lè wúlò fún yín nìyí, kò sì gba ju kílò díẹ̀ lọ. Irin yíyọ́ kì í fẹ́ lẹ̀ mọ́ zircon, zircon fúnra rẹ̀ kì í sì í wú púpọ̀ nínú ooru. Zircon tí wọ́n ti lọ̀ kúnná, tí a pò bí ọ̀dà, tí a sì kùn sójú bíríkì lọ́wọ́ inú, máa ń dènà alumíníọ́mù dáadáa. Àwọn tó ń da irin náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí ọ̀wọ́n zircon: wọn kì í fi ṣe gbogbo àpẹẹrẹ tí wọ́n ń da irin sí, ojú rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń kùn.

* * *

ÈSÌ KEJE

Ẹnìkan bínú pé mo dárúkọ monazite láì sọ pé ó léwu. Ó jàre.

Monazite ti Íńdíà ní thorium oxide tó tó 8 sí 10 nínú ìdá 100, thorium sì ń tú ìtànṣán jáde. Nítorí rẹ̀ ni òfin àtọ́míìkì ilẹ̀ Íńdíà ti ọdún 1962 fi kan yanrìn yìí, tí ìjọba sì gba ìwé àṣẹ ìwakùsà yanrìn etí òkun lọ́wọ́ àwọn aládàáni ní ọdún 2019. Àwọn àgbà inú wa yóò rántí àtùpà gáàsì tí wọ́n máa ń gbé kọ́ ní òde àríyá lálẹ́ kí iná mànàmáná tó kárí ìgboro. Àpò àwọ̀n funfun kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń tàn yanran, tó jẹ́ pé bí ọwọ́ bá kàn án lẹ́yìn tó ti jó, á di eérú. Thorium oxide ni eérú yẹn. Òun ni ìmọ́lẹ̀ tí Schomberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń wá. Kì í yọ́ títí iná yóò fi kọjá 3,300 dígírì, nítorí náà nínú gbogbo ohun tó wà nínú yanrìn yẹn, òun ló lè kojú iná jù lọ, òun náà sì ni a kò gbọ́dọ̀ rí nínú bíríkì.

Ní Karunagappally, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Chavara, àwọn olùwádìí tọpa àwọn ènìyàn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 70,000 láti ọdún 1990 títí di 2005. Èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2009 ni pé àwọn kò rí i pé ìtànṣán ilẹ̀ náà mú àrùn jẹjẹrẹ pọ̀ sí i. Àwọn kan ti ń fi èyí ta kò mí pé kí n yé dẹ́rù ba ènìyàn. Ẹ dákun, ẹni tó ń gbé orí yanrìn àti ẹni tó kó monazite jọ sójú kan tó sì ń fa eruku rẹ̀ símú kì í ṣe ẹnìkan náà. Ní Jos, níbi tí zircon àti monazite ti ń bá tánganran jáde, wọ́n ti wọn ìtànṣán tó ga ní àwọn ibi tí wọ́n da ìyókù yanrìn náà sí. Zircon fúnra rẹ̀ kò bọ́ pátápátá, nítorí uranium àti thorium díẹ̀ máa ń há sínú hóró rẹ̀. Ẹ fi ìbòmú sójú nígbàkígbà tí ẹ bá ń lọ̀ ọ́. Eruku quartz nìkan pàápàá ti tó láti ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

* * *

ÈSÌ KẸJỌ

Ọ̀rọ̀ tí ẹni tó sọ pé ará Ayétòrò, ìlú etí òkun ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ni òun kọ kò jẹ́ kí n sùn. Ó ní: "Ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ yanrìn kíkó, òkun sì ti kó ilé bàbá mi lọ."

Alappad, nítòsí Chavara ní Kerala, ni abúlé tó yẹ kí a fi èyí wò. Ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ni, òkun wà lápá kan, ipa omi T.S. Canal wà lápá kejì, apẹja ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Omíyalé láti inú òkun (tsunami) ti ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 2004 pa èèyàn tó ju 100 lọ níbẹ̀. Nígbà tí ọdún 2018 ń lọ sópin, àwọn ará ibẹ̀ jókòó sójú kan, wọ́n ní kí iṣẹ́ yanrìn dúró, ìpolongo náà sì tàn káàkiri ní oṣù Kìíní ọdún 2019. Ohun tí àwọn aláṣẹ ń sọ ni pé òkun máa ń dá yanrìn padà lẹ́yìn òjò ọdọọdún, pé àwọn sì ń fi ìyókù dí ihò. Ohun tí àwọn ará ìlú ń sọ ni pé ibi tí yanrìn bá ti kúrò, òkun ni yóò wá jókòó síbẹ̀.

Mo ti jẹ nínú iṣẹ́ náà, síbẹ̀ ọ̀dọ̀ àwọn ará ìlú ni mo dúró sí lórí èyí. Òkun kò lè dá padà ju ohun tí odò gbé wá fún un, wọ́n sì ti dí ọ̀pọ̀ odò Kerala, wọ́n ti ń wa yanrìn inú wọn fún ìkọ́lé. Ti fífi ìyókù dí ihò sì jẹ́ ìṣirò tí ọmọ ilé ìwé lè ṣe: níbi tí àlùmọ́ọ́nì bá ti ju ìdajì yanrìn lọ, ohun tí wọn yóò dá padà kò lè tó ìdajì. Mo rí ìyá kan níbẹ̀ tó ń sá ẹja sórí òkúta tí wọ́n tò láti fi dá ìgbì dúró. Ó nawọ́ sí inú omi, ibi tí ọkọ̀ kan wà, ó ní ibẹ̀ ni ilé ìdáná òun wà nígbà tí òun dé ilé ọkọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin tó ń sọ pé kí ìjọba ṣí etí òkun Èkó sílẹ̀ fún iṣẹ́ yìí lọ́la, mi ò bá yín lọ́wọ́ sí i. Ẹ tún rántí pé òfin ìwakùsà ti ọdún 2007 fi ohun gbogbo tó wà nínú ilẹ̀ sábẹ́ ìjọba àpapọ̀, kò sì sí ẹni tó lè wà á tà láìgba ìwé àṣẹ. Bí a bá fẹ́ zircon, ìyókù yanrìn tánganran tó ti wà nílẹ̀ ní Jos ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò, pẹ̀lú ìṣọ́ra nítorí monazite rẹ̀. Wọ́n ti wa ìyẹn jáde tán, kò sì ní kó ilé ẹnikẹ́ni lọ.

* * *

ÈSÌ KẸSÀN-ÁN

Ẹni tó béèrè ti padà wá. Ó ní nínú garawa kan, òòfà kó èyí tó pọ̀ jù lọ, ohun tó ṣẹ́ kù funfun bí ṣúgà, ó sì fẹ́ mọ̀ bóyá zircon ni. Mo ní kó wá ìdérí ìgò kan, kó bu yanrìn ìkọ́lé funfun tó mọ́ kún un, kó gbọ̀n ọ́n kó jókòó, kó fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ gé orí rẹ̀ dọ́gba, kó sì gbé e sórí òṣùwọ̀n àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà. Kó wá fi ìdérí kan náà bu tirẹ̀. Bí ó bá jẹ́ zircon, ìwúwo rẹ̀ yóò ju ìlọ́po kan àtààbọ̀ ti yanrìn lásán lọ.

Àwòrán òṣùwọ̀n méjèèjì tí ẹ fi ránṣẹ́ ti dé. Ìyàtọ̀ àárín wọn kò tó nǹkan. Quartz ni, ọ̀gbẹ́ni. Ìlà dúdú tí ẹ rí kò jìn sílẹ̀, bí ẹ bá gbẹ́ ẹ tó ìka ọwọ́ mẹ́ta, ẹ ó bá funfun nísàlẹ̀. Ìgbì ọjọ́ kan ló tò ó.

Ẹ da yanrìn náà padà. Ẹ wá amọ̀ funfun, ẹ gún bíríkì yín tó ti fọ́ sí hóró ńlá, hóró àárín àti ìyẹ̀fun, ẹ ṣa èyí tí ìdàrọ́ bá lẹ̀ mọ́ kúrò, kí ẹ pò ó mọ́ amọ̀ náà. Amọ̀kòkò tó ń gún àpáàdì mọ́ amọ̀ mọ ohun tó ń ṣe. Ẹ jẹ́ kí ó gbẹ lábẹ́ òjìji fún ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó sun ún. Lẹ́yìn tí ẹ bá tẹ́ ẹ tán, ẹ dá iná èédú kékeré sínú ìléru láti àárọ̀ títí di alẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹ má sì fẹ́ ẹ. Ní òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ gbé dígí wíwò sí ẹnu ìléru. Bí ó bá ṣì ń ṣú, omi ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ má tíì da alumíníọ́mù sí i.